Aṣọ Òmìnira, Ọrùn Olóṣèlú

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2016 tí Nigel Farage, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú UKIP, fi bọ́ síwájú àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń yọ̀ bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Wọ́n ṣì ń ka ìbò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti hàn pé àwọn tó fẹ́ kí Bìrìtéènì kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU, ló máa borí. Farage ní kí ọjọ́ 23 oṣù kẹfà wọ inú ìtàn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ òmìnira àwọn. Ọjọ́ òmìnira! Ti Gẹ̀ẹ́sì! Orílẹ̀-èdè tó ju àádọ́ta lọ ló gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà, òun náà ti wá rí ọ̀gá tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ wá mọ́. Farage jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan sì bi í ní ìbéèrè kékeré kan: ṣé ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé 350 mílíọ̀nù pọ́n-ùn tí wọ́n ṣèlérí fún ètò ìlera NHS lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò dé ibẹ̀? Farage ní rárá, òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àṣìṣe àwọn tó polongo ìbò nìyẹn. Ìlérí náà kò tíì mu ẹ̀kọ àárọ̀ tó fi kú.

Ká má parọ́ mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ Vote Leave ló ṣe ìlérí yẹn, Farage kò sì sí nínú ẹgbẹ́ náà. Àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ pé òkúta wà nínú ìrẹsì tí aládùúgbò òun ń tà, ẹ̀yìn ìgbà tí ọjà ti tú kọ́ ló yẹ kó sọ.

Ara bọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ ìlérí ọ̀hún sí. Bọ́ọ̀sì pupa gàgàrà ni, ó ń dán yinrin, lẹ́tà ńláńlá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń sọ fún aráàlú pé 350 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni àwọn ń kó fún EU lọ́sẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi tọ́jú NHS. Neoplan tó ṣe bọ́ọ̀sì náà, ilé iṣẹ́ Jámánì ni. Ọmọ tó fẹ́ kó kúrò nílé bàbá rẹ̀, ọmọlanke bàbá náà ló fi ń kó ẹrù.

Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ńkọ́? Láti ọdún 1984 ni Margaret Thatcher, olórí ìjọba nígbà náà, ti bá àwọn ìjọba Yúróòpù yòókù dúnàá-dúrà títí wọ́n fi gbà láti dín owó tí Bìrìtéènì ń san kù. Owó ẹ̀dínwó yìí kì í kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù rárá. Wọ́n á ti yọ ọ́ kí wọ́n tó sanwó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó mìíràn tún máa ń padà wá fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn agbègbè tí ìṣẹ́ ń bá fínra. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fún alákàrà ní 1,000 náírà, tó gba ṣéńjì, tó tún gba èènì, tó wá ń ké kiri àdúgbò pé alákàrà ti gbé òun ní ẹgbẹ̀rún kan mì. Àjọ tó ń mójú tó ìṣirò ìjọba, UK Statistics Authority, sọ ọ́ nígbà náà pé iye yẹn ń ṣi aráàlú lọ́nà. Bọ́ọ̀sì kò gbọ́. Bọ́ọ̀sì kì í létí. Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn ìbò, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Boris Johnson tó ti di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tún gbé 350 mílíọ̀nù kan náà jáde nínú ìwé ìròyìn. David Norgrove, alága àjọ ìṣirò, ní láti kọ lẹ́tà sí i pé ó ń lo ìṣirò ìjọba ní ìlòkulò.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo gbogbo eléyìí, òwe àgbà kan á sọ sí i lọ́kàn: ẹni tó bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Alákìísà kì í fi àrán tọrẹ. Kò sí ọmọ Yorùbá tó nílò àlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn baba tó pa òwe yìí kò rò ó rárá pé aṣọ ọrùn ẹni tó ń ṣèlérí lè ju ẹyọ kan lọ.

Ti Boris, méjì ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2016, gbogbo ìlú ń retí ibi tí ọ̀gbẹ́ni Johnson, tó jẹ́ olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, yóò fì sí. Ó jókòó, ó kọ àpilẹ̀kọ kan fún Daily Telegraph pé kí Bìrìtéènì kúrò. Ó tún jókòó, ó kọ òmíràn pé kó dúró. Bí obìnrin tó ń múra òde ṣe máa ń na ìró méjì sórí bẹ́ẹ̀dì, tí yóò máa wo èyí tó bá gèlè rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Ìró kan jáde sóde, èkejì wọ àpótí. Oṣù kẹwàá ni Sunday Times tó tú àpótí náà síta. Johnson ní eré díẹ̀ ti wà nínú ìwé kejì yẹn, òun kàn fi dán èrò ọkàn òun wò ni. Gèlè wo ni ìró náà wá bá mu? Ẹni tó bá rántí ẹni tó wọ Nọ́ńbà 10 ní Downing Street, ilé olórí ìjọba, ní oṣù keje ọdún 2019 kò ní béèrè. Ọkùnrin aláṣọ méjì yìí náà ló dúró ní Wembley ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dìbò, tó fi ọ̀rọ̀ òmìnira kásẹ̀ àríyànjiyàn nílẹ̀, tí àtẹ́wọ́ sì bo gbọ̀ngàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọrùn àwọn tó ní kí wọ́n dúró mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí David Cameron, olórí ìjọba nígbà náà, ṣèlérí ìbò yìí ní oṣù kìíní ọdún 2013, kì í ṣe pé oorun kò kùn ún nítorí òmìnira. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, Farage àti ẹgbẹ́ UKIP sì ń jẹ ìbò mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fi odindi orílẹ̀-èdè ta ayò kó lè parí ìjà inú ilé ara rẹ̀. Ó jẹ gbèsè ayò náà. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí èsì jáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, ó jáde wá sọ ìgbà tí yóò kó ẹrù rẹ̀. Ó parí ọ̀rọ̀, ó kẹ̀yìn sí àwọn oníròyìn, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ, kò sì mọ̀ pé ẹ̀rọ agbóhùn tó wà láyà òun ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé gbọ́ ọ: ó ń fi imú kọrin. Ilé ń jó, baálé ń kọrin wọlé lọ.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìdájí tí Farage sọ tí kò ṣeé fi ṣàwàdà. Ó ní láìyin ìbọn kan ṣoṣo ni àwọn fi gba òmìnira náà. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ṣáájú ni ọkùnrin kan yìnbọn lu Jo Cox, aṣòfin tó ń polongo pé kí Bìrìtéènì dúró, tó sì tún gún un lọ́bẹ ní gbangba ìta ní Birstall. Ẹni ọdún 41 ni, ìyá ọmọ kékeré méjì. Olóṣèlú tí inú rẹ̀ dùn débi tó fi gbàgbé òkú ọjọ́ mẹ́jọ, ta ló ń retí pé kó rántí aláìsàn tó tò síwájú ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ?

Mílíọ̀nù 17.4 èèyàn ló dìbò pé kí wọ́n máa lọ. Ìwà àfojúdi ni kéèyàn pe gbogbo wọn ní òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ní ìlú tí ilé iṣẹ́ ti kógbá wọlé láti ayé ìyá wọn, tí kò sì sí ẹni tó bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń jẹun. Ìbínú wọn kì í ṣe irọ́. Olóṣèlú tó wá fi ẹnu dídùn ra ìbínú náà lówó pọ́ọ́kú ni oníjìbìtì. Cornwall ni kéèyàn wò. Agbègbè etí òkun yìí tálákà débi pé EU ń rọ owó ìrànwọ́ sí i, síbẹ̀ ó lé ní ìdajì nínú àwọn olùdìbò ibẹ̀ tó ní àwọn ń lọ. Èsì kò tíì tutù tí olórí ìgbìmọ̀ agbègbè náà ti ń bẹ ìjọba pé kí owó tí EU ń fún àwọn má ṣe dín. Ọmọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ síta tán, ó wá yọrí lójú fèrèsé, ó ń béèrè bóyá ọbẹ̀ ti jinná. Èèyàn á rẹ́rìn-ín, á sì tún fẹ́ gbá ọmọ náà mọ́ra.

Apá ibi tó kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Òfin ìbò náà sọ pé ọmọ Poland tó ti ń san owó orí ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ dìbò. Ọmọ Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lè dìbò ní tirẹ̀, torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà bá Gẹ̀ẹ́sì fa òmìnira mọ́ra wọn lọ́wọ́ wá dúró nínú àgọ́ ìdìbò pẹ̀lú pẹ́ńsù, ó ń pinnu bóyá kí Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira. Wọ́n sì tan irú wọn bó ṣe yẹ. Priti Patel, mínísítà tí òbí rẹ̀ ti Uganda wá, sọ fún àwọn ọmọ Éṣíà tó ń ta ọbẹ̀ kọ́rì pé bí Bìrìtéènì bá kúrò nínú EU, àyè yóò gba àwọn alásè wọn láti wọlé. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á dùn létí ẹnikẹ́ni tó ní àbúrò ní Òṣogbo. Lóòótọ́, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀ lẹ́yìn Brexit, ìyẹn kíkúrò nínú EU. Àwọn ọmọ Nàìjíríà rọ́ lọ kàwé, tọkọ tìyàwó tọmọ tọmọ. Ẹ̀rù wá ba àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wọn dání mọ́.

Kí a tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀sín tán, ilé wa náà ní ìtàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro ti ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ dìde nílé aṣòfin ní Èkó, ó ní kí Nàìjíríà máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956. Sárdáúnà, aṣíwájú àwọn ará òkè ọya, ní kí wọ́n kọ ọ́ pé nígbà tó bá ṣeé ṣe. Oníkálukú ní ìfẹ́ ìlú ló ń mú òun sọ̀rọ̀. Àwọn tòkè ọya sì ń bẹ̀rù pé àwọn tìsàlẹ̀ ni yóò gba gbogbo iṣẹ́ ìjọba. Òmìnira dé ní 1960. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ní Enahoro fẹ́ dojú ìjọba dé, ó sì sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ dábàá pé kí Gẹ̀ẹ́sì máa lọ, abẹ́ òrùlé Gẹ̀ẹ́sì ló forí pamọ́ sí, àwọn tí wọ́n jọ gba òmìnira ló sì ń lé e. Gẹ̀ẹ́sì yọ òfin ọdún 1881 kan láti orí pẹpẹ, òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn, wọ́n sì fi dá a padà fún Èkó ní 1963. Èyí kò sọ àbá 1953 di àbá burúkú. Aṣọ náà dára. Àwọn tó rán an ni wọn kò bá ara wọn wọ̀ ọ́.

Ti Bìrìtéènì, aṣọ òmìnira wọn ní àwọ̀: búlúù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Theresa May, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kéde pé ìwé ìrìnnà búlúù àtijọ́ ń padà bọ̀, ó ní àmì òmìnira àti ìjọba ara ẹni ni. De La Rue, àgbà ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, na ọwọ́ sí iṣẹ́ náà, kò rí i gbà. Thales ará Faransé ló ń ṣe é, ìlú Tczew ní Poland ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Ní àkókò yẹn náà, Nigel Lawson, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Vote Leave, ń béèrè fún ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ìjọba Faransé torí ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà. Ilé iṣẹ́ ìdókòwò tí Jacob Rees-Mogg, òun náà alátìlẹyìn Brexit, bá wọn dá sílẹ̀ dá àpò owó kan sí Dublin ní 2018, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn olówó pé Brexit lè pa owó wọn lára. Rees-Mogg ní Brexit kọ́ ló gbé àwọn lọ sí Dublin.

Bí ọkọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù bá balẹ̀ sí etí òkun Sípéènì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì á sọ̀ kalẹ̀ nínú ṣòkòtò péńpé, ìwé búlúù lọ́wọ́ wọn. Ìlà àwọn tó ti orílẹ̀-èdè gbogbo wá ni wọ́n máa ń tò sí báyìí, lẹ́yìn ọmọ Nàìjíríà tó mú ìwé aláwọ̀ ewé dání, tí ìyẹn sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ìlà kejì, ti àwọn ọmọ EU, ń ṣàn lọ wẹ́rẹ́. Ìlà yẹn ni Stanley Johnson, bàbá Boris, lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ó di ọmọ onílùú Faransé ní oṣù karùn-ún ọdún 2022.