Bọ́tà Wọnú, Ọ̀rọ̀ Jáde

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò jókòó rí nínú pálọ̀ kan ní Boston lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Keje, níbi tí baálé ilé ti pe èèyàn mẹ́jọ wá jẹun ní agogo méje, tó sì jẹ́ pé agogo mẹ́fà ààbọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìkòkò irin rẹ̀. Àsíá Faransé wà lẹ́nu ọ̀nà, orin Faransé ń dún lábẹ́lẹ̀. Ọdún ìlú Faransé ni wọ́n ń ṣe, kò sì sí ọmọ Faransé kan ṣoṣo níbẹ̀. Irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn àlejò ti jẹ èso ólífì tó wà lórí tábìlì tán, wọ́n wá ń wo kóró rẹ̀ bí ẹni pé yóò hù.

Boeuf bourguignon ni baálé ilé fẹ́ sè, ẹran màlúù inú wáìnì pupa. Ẹni tó kó àwọn ará Amẹ́ríkà sí i kò fara sin. Ní 1948 ni Julia Child, ọmọ California tí kò tíì mọ oúnjẹ sè dáadáa, bá ọkọ rẹ̀ dé Páríìsì. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alásè Cordon Bleu lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó di 1961, òun àti Simone Beck àti Louisette Bertholle gbé ìwé gbàǹgbà kan jáde, Mastering the Art of French Cooking. Ní 1963, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní Boston yìí kan náà. Obìnrin náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ní kí wọ́n nu omi ara ẹran gbẹ kí wọ́n tó dín in, kí wọ́n má kó o kún páànù, kí wọ́n sì jẹ́ kó wà nínú ààrò fún wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Alásè òde ìnáwó èyíkéyìí ní Ìbàdàn ìbá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́: ẹran tó bá fún mọ́ra nínú òróró kì í dín, ńṣe ló ń fi omi ara rẹ̀ bọ ara rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń sè fún àfihàn kì í ka ìwé dé ibi tí wọ́n kọ wákàtí sí. Orúkọ oúnjẹ ló kà tó fi gba ọjà lọ.

Kí ló tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀? Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 1788, òjò yìnyín ba oko àlìkámà tó yí Páríìsì ká jẹ́. Òtútù tó tẹ̀ lé e mú odò dì, ọlọ tí omi ń yí kò sì lè lọ ìwọ̀nba tó kù. Búrẹ́dì ńlá oníwọ̀n pọ́n-ùn mẹ́rin, tí kì í ju owó sou mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ tẹ́lẹ̀, di sou 14 àbọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1789, nígbà tí lébìrà ń gba sou 20 sí 30 lóòjọ́. Kí ó tó ra iyọ̀, kí ó tó ra igi ìdáná, búrẹ́dì kan ti jẹ nǹkan bí ìdajì owó rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀tù ìbọn ni àwọn ará Páríìsì bá lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Bastille ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 1789. Wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn ní ilé àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní Invalides láàárọ̀, kò sí ohun tí wọn yóò fi yìn ín. Nígbà tí wọ́n wọlé, ẹlẹ́wọ̀n méje péré ni wọ́n bá: mẹ́rin yí ayédèrú ìwé owó, orí méjì dàrú, ẹnì kan sì jẹ́ ọmọ ọlọ́lá tí ẹbí rẹ̀ ní kí wọ́n bá àwọn tì mọ́lé. Ọba Louis Kẹrìndínlógún kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà: "Rien", kò sí nǹkan kan. Ọdẹ ló ń wí. Ìlú ń gbiná, ọba ń ka ẹran ìgbẹ́ tí kò rí pa.

Ní oṣù Kẹwàá, àwọn obìnrin ọjà fi ẹsẹ̀ rin ìrìn láti Páríìsì dé ààfin Versailles, wọ́n sì kó ọba, ayaba àti ọmọ wọn bọ̀ wá sáàárín ìlú. Oríkì tí wọ́n fún wọn ni oníbúrẹ́dì, ìyàwó oníbúrẹ́dì àti ọmọ oníbúrẹ́dì.

Níbí yìí gan-an ni òwe àwọn àgbà ti bá ẹni tó fẹ́ bá a jiyàn. Ebi wọ inú Páríìsì, ọ̀rọ̀ mìíràn sì tún wọ̀ ọ́: ta ló fi ọba jẹ, ta ló ni ilẹ̀, kí ló dé tí tálákà nìkan ń san owó orí? Ebi kò tíì kúrò nílùú tí ìgbìmọ̀ wọn fi gbé ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn jáde ní oṣù Kẹjọ. Ní Boston ńkọ́? Bọ́tà ló gba gbogbo àyè. Láti agogo méje, ohun tí wọ́n ń jà sí ni bóyá bọ́tà oníyọ̀ dára ju aláìníyọ̀ lọ.

Ká má parọ́, ẹnì kan dá ìtàn sọ. Ó ní ayaba Marie Antoinette ló ní kí àwọn tí kò rí búrẹ́dì jẹ máa jẹ kéèkì. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òǹkọ̀wé Rousseau ló kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nípa ọmọbìnrin ọba kan tí kò dárúkọ, nígbà tí Marie Antoinette ṣì jẹ́ ọmọdé ní Austria. Brioche, búrẹ́dì oníbọ́tà, ló sì kọ, kì í ṣe kéèkì. Ìtàn kan ṣoṣo tí wọ́n pa lálẹ́ ọjọ́ náà, irọ́ ni.

Èyí tó panilẹ́rìn-ín jù ni pé oúnjẹ tálákà ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń náwó lé lórí yìí. Ọbẹ̀ àlùbọ́sà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ búrẹ́dì àná tó ti le. Bouillabaisse ti Marseille, ẹja eléegun tí apẹja kò rí tà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Coq au vin, àkùkọ arúgbó ni, èyí tí eyín kò lè ya, tí wọ́n fi wáìnì bẹ̀ títí tó fi gbọ́. Ẹ wá wo ẹni tó ra adìyẹ ọlọ́sẹ̀ méje ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tó sì sè é fún wákàtí mẹ́ta nítorí pé Faransé ni. Egungun nìkan ni yóò bá nínú wáìnì.

Àwọn Faransé fúnra wọn kì í fi oúnjẹ da ara wọn láàmú lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ ogun ń yan ní òpópónà Champs-Élysées láàárọ̀, àwọn panápaná ṣí ọgbà wọn sílẹ̀ fún ijó, iná aláràbarà ń tàn lójú ọ̀run lálẹ́. Ooru ń mú, ta ni yóò dúró ti ààrò? Ohun tí ọ̀pọ̀ ń yan lórí iná ni merguez, sọ́sééjì olóòórùn ata tó ti Àríwá Áfíríkà wọ ilẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn Yorùbá náà. Nígbà tí Faransé ń gba àwọn ilẹ̀ tó di Dahomey, Benin òní, Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, bọ́ sábẹ́ àsíá wọn, ọjọ́ 14 oṣù Keje sì di ọlidé ìjọba níbẹ̀. Ohun tó sọ Bastille di ẹlẹ́gbin ni pé ìwé ọba lè ju èèyàn síbẹ̀ láìrí adájọ́. Ní Dahomey, òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat fún ọ̀gá òyìnbó láṣẹ láti ju ọmọ ìlú sẹ́wọ̀n láìdé kóòtù, 1946 ni wọ́n tó fagi lé e. Ẹ wo ọdún méèlòó tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ fún ìwólulẹ̀ ẹ̀wọ̀n kan lójú ẹnu ọ̀nà òmíràn! Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1960, àsíá náà sọ̀kalẹ̀. Búrẹ́dì gígùn kò bá a lọ. Wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ ní Cotonou, ọkọ̀ òkun ló sì ń gbé àlìkámà rẹ̀ wá.

Agogo mẹ́wàá kọjá nígbà tí ẹran Boston rọ̀. Méjì nínú àwọn àlejò ti lọ sílé. Àwọn tó kù jẹun láìsọ̀rọ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò lọ́dún tó ń bọ̀, ọjọ́ kejì ni boeuf bourguignon máa ń dùn jù, bí ọbẹ̀ àná wa náà. Ẹ sè é ní ọjọ́ 13. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ gbé búrẹ́dì pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì sọ iye tí wọ́n ń tà á ní 1789 fún wọn.