Balógun Tí Mopol Ń Ṣọ́

Bí ẹ bá bá ìwúyè pàdé ní Ìṣẹ́yìn, ẹ má ṣàì ya wo Balógun tuntun. Òfì tó wọ̀ wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń bá a gbé apá agbádá kó tó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù. Mopol mẹ́rin yí i ká tìbọn-tìbọn. Mo bi bàbá tó jókòó tì mí pé ta ni wọ́n ń ṣọ́. Ó ní Balógun ni. Mo ní àwa ńkọ́? Ó ní kí n máa jẹ ìrẹsì mi.

Ogun ló sá wà nínú orúkọ oyè náà. Ẹ yọ ogun kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá ẹni tí yóò fi "Bal" jẹ oyè. Láyé ogun, òun ló ń kó ọmọ ogun jáde, Ọ̀tún àti Òsì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Séríkí á kó àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e. (Ọwọ́ Hausa la ti gba Séríkí. Ọba ni lọ́hùn-ún; ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó di ẹni tó ń wojú Balógun.)

Ti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ló wá le jù. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n ń sín sí i lórí, pé láàárín ọdún mẹ́ta ó gbọ́dọ̀ lọ ogun lẹ́ẹ̀kan, kó ṣẹ́gun, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé láàárín oṣù mẹ́ta. Òjó Aburúmákù ti Ògbómọ̀ṣọ́ ò rí ogun jà, ló bá dá a sílẹ̀ nílùú ara rẹ̀. Ìwà burúkú ni, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Lónìí, ní Òkè-Ògùn wa yìí (odò ni Ògùn o, ẹ̀yin tí ẹ ń pè é bí ogun), Balógun ọjà wà, Balógun ìjọ wà, Balógun gáréèjì náà ò gbẹ́yìn. Bí wọ́n bá jí àgbẹ̀ gbé lọ́nà oko, gbogbo wọn á pawọ́ pọ̀ kọ lẹ́tà sí gómìnà. Ọdẹ tó ní ṣakabùlà àti tọ́ọ̀ṣì orí ló ń wọgbó lóru, òun àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n joyè kankan.

Kábíyèsí gbogbo, láti Ṣakí dé Ìṣẹ́yìn, ẹ dákun, ẹ kọ ti oṣù mẹ́ta Kakaǹfò yẹn sínú ìwé oyè Balógun. Ẹni tó bá kà á tán tó ṣì fẹ́ sanwó, ẹ fi jẹ.