Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Ṣe Nu Kọ̀ǹpútà Ara Rẹ̀ Nù

Sọ́fítíwíà open source ni sọ́fítíwíà tí ẹni tó ṣe é fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ohun tí olùkọ́ kì í tètè sọ ni pé ẹni tí a bá gbà láyè láti tún nǹkan ṣe, a ti gbà á láyè láti bà á jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín lo àyè kejì yẹn dáadáa nígbà tó ń kọ́ ìlò kọ̀ǹpútà. Òun kan náà ló ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, nítorí náà kò sí ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́.

Ìbínú ló bí ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Xerox kan ní yàrá ìwádìí MIT ní Amẹ́ríkà máa ń há ìwé sẹ́nu. Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fẹ́ tún sọ́fítíwíà ẹ̀rọ náà ṣe, kí ó lè máa ta àwọn tó ń dúró de ìwé lólobó pé ó ti há, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní kóòdù. Ní 1983 ó kéde GNU, iṣẹ́ láti ṣe sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ìwé àṣẹ GPL jáde ní 1989: ẹni tó bá pín sọ́fítíwíà tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi kóòdù rẹ̀ pamọ́ fún un. Ní 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, gbé Linux, ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, jáde. Linux yìí ló wà nínú gbogbo fóònù Android. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò mọ̀, orí fóònù Android ló sì ti ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun kò fọwọ́ kan Linux rí láyé òun.

Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní 2004, ni wọ́n fi kọ́ kíláàsì náà. Olùkọ́ ní kí kálukú kọ́kọ́ kó fáìlì rẹ̀ sí fíláàṣì, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì kó tirẹ̀: ìwé owó iléèwé, àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ àṣekágbá. Nígbà tí wọ́n wá béèrè fíláàṣì tí wọn yóò gbé Ubuntu sí, òun ló kọ́kọ́ na tirẹ̀ sókè. Fíláàṣì tí a bá sì fẹ́ fi gbé Ubuntu wọ kọ̀ǹpútà, a ó nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò ná. Síbẹ̀ ọ̀nà kù, nítorí àwọn fáìlì náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Ubuntu béèrè bóyá kí òun wọlé sí ẹ̀gbẹ́ Windows ni, tàbí kí òun nu gbogbo dísìkì. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ ketekete pé àwòrán, ìwé àti orin yóò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ka "Ubuntu" nìkan, ó tẹ bọ́tìnnì, ó lọ ra gúgúrú.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kan tẹ́mínà, ojú dúdú tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Bí ó bá béèrè páswọ́ọ̀dù, ohun tí a ń tẹ̀ kì í sábà hàn, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ má baà ka iye lẹ́tà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbà pé kíbọ́ọ̀dù ti kú. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fi ẹ̀sùn kan ẹni tó gbé omi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àṣẹ rm ló le jù. Ohun tó bá pa rẹ́, kò sí agbọ̀n ìdọ̀tí tí a ti lè lọ ṣà á. Ẹni tó bá kọ "rm foto*" ń pa àwọn fáìlì tí orúkọ wọn fi foto bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi àlàfo kan síwájú ìràwọ̀, "rm foto *", ti pa gbogbo fáìlì tó hàn nínú fóldà yẹn. Windows ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa láti retí kí wọ́n bi òun bóyá ó dá òun lójú. Tẹ́mínà kò bi í ní nǹkan kan.

Vim, sọ́fítíwíà ìkọ̀wé inú tẹ́mínà tí Bram Moolenaar ọmọ Netherlands gbé jáde ní 1991, fi ẹ̀rín kún un. Bí a bá ṣí i láìsí fáìlì, ó sábà máa ń bẹ̀ wá pé kí a ran àwọn ọmọ tálákà lọ́wọ́ ní Uganda. Ẹni tó dàgbà sí ìlú tí àwọn ọmọ Yahoo pọ̀ sí mọ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn: akẹ́kọ̀ọ́ náà pariwo pé wọ́n ti já wọ kọ̀ǹpútà òun, ó sì yọ bátìrì. Òótọ́ ni ẹ̀bẹ̀ náà, Moolenaar fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣètìlẹ́yìn fún àwọn ọmọ ọ̀hún. Bí a ṣe ń jáde, :q àti Enter, wà lójú ìwé kan náà.

LibreOffice, sọ́fítíwíà iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ya kúrò lára OpenOffice ní 2010, kò fa wàhálà púpọ̀, àfi lẹ́tà kan tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì .odt, tí kọ̀ǹpútà olùkọ́ kò sì ṣí.

Níkẹyìn, iṣẹ́ àṣetiléwá ni kí kálukú wá àléébù kan, kí ó kọ ìròyìn rẹ̀ sí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ìbínú kọ tirẹ̀ pé wọn kò ka Yorùbá sí, pé láti ibòmíràn ni òun ti ń da ẹ àti ọ kọ. Èsì tí ó gbà kò ju ìlà kan lọ: kí ó ṣí Settings, kí ó lọ sí Keyboard, kí ó wo abẹ́ Nàìjíríà. Yorùbá wà níbẹ̀.