Abo Ẹyẹ Ò Jẹ́ N Rímú Mí

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Pobẹ̀ àti Sakété, àti gbogbo ẹni tó bá ní ojú tó fi ń wòkè. Kí ni mo fi ṣe àwọn abo ẹyẹ? Mi ò sọ wọ́n lókò, mi ò dẹ pàkúté fún wọn, mi ò sì bi wọ́n léèrè ilé ọkọ. Fọ́tò lásán ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yà, kí n sì mọ orúkọ ẹni tí mo yà. Ìyẹn náà wá di ẹ̀bẹ̀.

Akọ kì í dààmú ẹnikẹ́ni. Ẹ wo akọ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ: ara àwọ̀ ìyeyè, orí dúdú, ojú pupa, ariwo bí ọjọ́ ọjà. Ọmọ kékeré tó ń lé ẹyẹ lóko àgbàdo yóò dárúkọ rẹ̀ fún yín láìwẹ̀yìn. Ẹ wo ẹyẹ pupa inú koríko náà, èyí tí Paul Isert kọ sínú ìwé ní 1789. Oníṣègùn ni Isert, ó bá àwọn ará Denmark ṣiṣẹ́ ní etíkun Accra, ó sì dé Ouidah tiwa níbí. Lákòókò òjò, akọ ẹyẹ yìí a máa fi pupa fòò àti dúdú ṣe ara lóge, a sì máa wú ìyẹ́ rẹ̀ lórí koríko kí ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ rí i lè rí i. Ta ni yóò ṣì í mú?

Ẹ wá wo ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí pálapàla, ìlà dúdúdúdú lórí àwọ̀ eruku, ìlà funfun díẹ̀ lókè ojú, ẹnu kíki. Ó parí. Ìyàwó ẹyẹ pupa kejì, èyí tí apá akọ rẹ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìyàwó ẹyẹ dúdú tó ní ìyeyè léjìká, bẹ́ẹ̀ náà. Ìyàwó ẹyẹ onírù gígùn tó ń jó lófuurufú, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Gbogbo wọn ló pàdé, tí wọ́n dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá kan ṣoṣo, tí wọ́n sì jọ ń ṣa èso koríko lójú kan. Ta ni ìyàwó ta níbẹ̀? Àwọn ọkọ wọn nìkan ló mọ̀, àwọn yẹn náà kò sì ráyè dáhùn.

Lórí ọ̀pẹ, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Abo ẹ̀gà kò ní orí dúdú ti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ewé tó ń rọ, ikùn rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Irú ẹ̀gà mìíràn sì wà tó máa ń bá a kọ́lé lórí igi kan náà, èyí tí akọ rẹ̀ jẹ́ dúdú àti àwọ̀ obì. Abo tirẹ̀ náà kò ní nǹkan kan lára tí ènìyàn lè dì mú, àfi ẹyinjú: tirẹ̀ mọ́ wíníwíní, ó ń lọ sí àwọ̀ ìyeyè, ti abo ẹ̀gà àkọ́kọ́ sì pọ́n tàbí kó dà bí àwọ̀ igi. Ẹyinjú o! Èmi tí mo dúró sísàlẹ̀ ọ̀pẹ, tí oòrùn ń wò mí lójú, tí ọmọ ẹ̀gà ń yàgbẹ́ sí mi lórí, wọ́n ní kí n ya ẹyinjú. Àwọn ọmọ wọn sì tún wà níbẹ̀ tí ojú tiwọn dúdú, yálà ti èyí ni o tàbí ti tọ̀hún.

Ìyàwó mi gbọ́ títí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Olówó orí mi, ẹni tó sàba lórí ẹyin, ṣé kó máa tàn yànrànyànràn kí àṣá lè tètè rí i?” Ó tún sọ̀rọ̀ ilé tí akọ ẹ̀gà ń hun. Òótọ́ sì ni, Nicholas àti Elsie Collias, tọkọtaya onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ọdún púpọ̀ wo ẹ̀gà yìí. Akọ a hun ilé, a rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a máa ju apá. Abo a wọlé, a wo ògiri, a fa koríko wò. Bí ewé ilé náà bá ti gbẹ, tí kò tutù mọ́, obìnrin kọ̀ nìyẹn. Akọ a tú u palẹ̀, a sì tún òmíràn hun. Ìyàwó mi ní adájọ́ kì í múra bí olùpẹ̀jọ́. Mo dákẹ́, àmọ́ ẹ̀dùn ọkàn mi ò lọ.

Nítorí ibi tó dùn mí jù rèé. Ní Kétu níbí, ìlú tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, a mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ìyá wa ni ẹyẹ wà. Tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù la fi ń pe ẹlẹ́yẹ. UNESCO pàápàá kan sáárá sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001. Ọkùnrin ló ń gbé e, òun ló ń di bẹ̀bẹ̀ àti ọmú, tó ń jó bí obìnrin kí inú àwọn ìyá lè yọ́. Mo rò pé ènìyàn nìkan ló mọ ọgbọ́n yẹn. Ẹ jẹ́ kí òjò dáwọ́ dúró, kí ọyẹ́ máa bọ̀: akọ ẹyẹ pupa a bọ́ ẹ̀wù pupa, a gbé aṣọ aya rẹ̀ wọ̀, a bọ́ sáàárín àwọn obìnrin, a máa ṣa èso jẹ. Fọ́tò tí mo yà nígbà yẹn, tí mo ń pariwo pé abo ni, ó lè jẹ́ baálé ilé kan ló wà níbẹ̀. Ẹyẹ pupa alápá dúdú nìkan ló ṣàánú mi díẹ̀: kì í bọ́ dúdú apá rẹ̀.

Abo onírù gígùn tún ní tirẹ̀. Lásìkò ọmọ bíbí ẹnu rẹ̀ dúdú, nígbà tó bá yá ó pọ́n. Ó tún lọ ń yé ẹyin sínú ilé ẹlòmíràn! Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà, akọ wọn dúdú tó ń dán bíi aró. Inú ilé àwọn ẹyẹ pupa mìíràn, àwọn kéékèèké tó ń ṣa ọkà lẹ́yìnkùlé wa ni wọ́n ń yé sí. Oríṣiríṣi ni wọ́n, abo wọn sì jọra débi pé àwọn tó fi ayé wọn kọ́ ẹ̀kọ́ ẹyẹ, bíi Robert Payne ti Yunifásítì Michigan, orin ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Akọ máa ń sín orin ẹyẹ tó gbà á tọ́, abo náà á sì lọ bá akọ tó mọ orin ilé tí òun dàgbà sí. Ẹ wá sọ fún mi: ṣé fọ́tò máa ń kọrin?

Ọmọ àbúrò mi ní, “Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá, fóònù yóò dá a mọ̀.” Fóònù dárúkọ mẹ́ta, ó ní kí n mú èyí tó wù mí. Kí ló fẹ́ ṣe? Ohun tí a bá fi hàn án ló mọ̀, akọ tó ń tàn ni gbogbo wa sì ń sáré yà. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Ní 2019, Natalie Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé àkójọ ohun àdánidá ti London gbé ìwádìí jáde lórí òkú ẹyẹ àti ẹranko tó lé ní mílíọ̀nù méjì nínú àwọn ilé ìkóǹkanpamọ́sí ńláńlá. Nínú àwọn ẹyẹ, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún péré ni abo. Wọ́n ti ń pa abo tì láti ayé ìbọn, kí kámẹ́rà tó dé rárá.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sóko, ẹ̀yin ọlọ́kadà oní-zẹ́mì tí ẹ máa ń dúró lábẹ́ igi, bí ẹ bá ti ya akọ tán, ẹ má kó fóònù sápò. Ẹ ya èyí tó jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ya ojú rẹ̀, ẹ ya ẹnu rẹ̀, ẹ ya apá rẹ̀ bó bá nà án. Ẹ kọ oṣù sí i, ẹ sì gba ohùn akọ tó ń kọrin nítòsí sílẹ̀. Kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí mi. Bí mi ò bá dá a mọ̀, ìyàwó mi yóò bá wa rẹ́rìn-ín.