Fèrè Ọdẹ Lókè Àjà

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ bá mi wo òwe yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọn ọdẹ ló jókòó pa á; wọn kò pe ajá kankan sí ìpàdé náà. Bí ajá bá ti sọnù, etí ajá ló di, orí ajá ni kò gbe é. Kò sẹ́ni tó yẹ fèrè wò bóyá ó dún, kò sì sẹ́ni tó bi ọdẹ léèrè iye ìgbà tó ti fọn ún lásán láti àárọ̀, tí ajá fi wá mú un bí ohùn ẹyẹ oko. Bí wọ́n ṣe pa á fún mi ni mo ṣe gbà á, tí èmi náà sì ń pa á fún ọmọ ọlọ́mọ, títí àláàmù èéfín kan fi dá oorun mọ́ mi lójú ní Tamale, ní Ghana.

Ilé tí mo gbà ní Vittin, òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú kan láti ìlú òyìnbó ló gbé ibẹ̀ kó tó kàn mí. Tamale kún fún irú wọn. Ọkọ̀ funfun wọn ò tíì pọ̀ tó alùpùpù ìgboro, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Nígbà tó kó lọ, nǹkan mẹ́ta ló fi sílẹ̀: nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, máàpù Ghana lára ògiri, àti ohun roboto funfun kan tó lẹ̀ mọ́ àjà pálọ̀ bí àwo tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Bàbá onílé, Àlàájì kan tó jẹ́ pé Haúsá la jọ fi ń gbọ́ ara wa, mú mi yí ilé ká. “Fáànù rèé. Mítà iná NEDCo rèé.” Ó wá gbójú sókè. “Ìyẹn, ti òyìnbó ni.” Ó ti rìn síwájú kí n tó bi í pé kí ni òyìnbó fi ń ṣe.

Alẹ́ Bugum ló kọ́kọ́ mú mi rántí rẹ̀. Ọdún iná ni Bugum ní gbogbo ilẹ̀ Dagbon tí Tamale wà. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń kà á, nítorí náà ó ń sún kiri inú ọdún. Lásìkò yìí, inú òjò ló ń bọ́ sí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ọmọ ọba kan sọnù nígbà láéláé, ilẹ̀ ṣú, ará ìlú tan ìtùfù wá a kiri, wọ́n sì bá a níbi tó sùn lọ sí lábẹ́ igi. Wọ́n ní igi ló jí ọmọ gbé, ni wọ́n bá ń ju ìtùfù lu igi. Ẹ ò rí i bí èrò ṣe yàtọ̀: nǹkan sọnù nílẹ̀ Dagbon, wọ́n dá igi lẹ́bi, nǹkan sọnù nílẹ̀ Yorùbá, a ní òun fúnra rẹ̀ ni kò gbọ́ fèrè. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìlù ń dún, ìtùfù koríko ń kọjá níwájú ilé wa rẹpẹtẹ, èéfín gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀ títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Mo gbójú sókè wo àwo òyìnbó. Kò fọhùn. Mo ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n mà ni, ó mọ iná ọdún yàtọ̀ sí iná ìjàǹbá.

Ọyẹ́ wá dé. Ọyẹ́ Tamale kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa n'Íbàdàn. Eruku Sàhárà ló ń fi bo oòrùn lójú. Ètè á là, gìgísẹ̀ á là, òru á sì tutù bí ẹni pé ibòmíràn ni ọ̀sán ti wá. Ní aago mẹ́ta òru ọjọ́ kan, mo gbọ́: píì. Mo yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ó pẹ́ díẹ̀. Píì.

Àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Mo yọ wáyà fíríìjì. Píì. Mo pa fóònù. Píì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi gbé, tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ní: “Ańkù, ínfátà ni, iná ló lọ.” Iná kò lọ. A pa ínfátà, a pa gbogbo iná tó kù, píì bá wa nínú òkùnkùn. Ó ní ìrẹ̀ ni nígbà náà. A gbé àpótí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a pa ìrẹ̀ kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Píì. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, ó dákẹ́ lọ gbáà. Bí mo bá ń ròyìn rẹ̀ fún ènìyàn lọ́sàn-án, wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ́tí, wọn ò ní í gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni tí ibà ń bọ̀ wá kì mọ́lẹ̀.

Ìyá tó ń dín wàgáṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa (wàrà tiwa náà ni) ló sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ayé jáde: àlùjànnú ni. A pe àáfà. Ó dé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí oòrùn tó yọ, ó jókòó, kò sì ka ohunkóhun sókè. Tẹ̀sùbáà ló ń fà. Píì, ó ń fà. Píì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin, ó ní: “Ogójì ni. Kò lé, kò dín. Àlùjànnú kì í ka ogójì kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbójú sókè.” Nínú gbogbo wa, ẹni tí a torí àdúrà pè nìkan ló fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣiṣẹ́. Kò gbowó pàápàá.

Èmi tí mo kàwé wá ṣe ohun tí ọ̀mọ̀wé ń ṣe. Mo ní kí ọmọ gun àga, kó yọ bátìrì rẹ̀. Ó yọ ọ́. Àwo náà tún ké lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí bátìrì ti wà lọ́wọ́ ọmọ, bí adìyẹ tí wọ́n ti dú tí kò tíì gbà pé òun kú. Ó wá dákẹ́. Òru márùn-ún gbáko ni mo fi sùn bí ọba.

Ẹ jẹ́ ká tún òwe pa ná. Ajá òde òní ń gbọ́ fèrè ketekete. Ó gun àga, ó yọ ẹ̀mí fèrè sápò, ó padà lọ sùn.

N kò dá ṣe é. Ẹ dé ilé àwọn ènìyàn wa ní Peckham, ní London, lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń dín ata. Láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà 2015 ni òfin England ti sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ń fi ilé háyà kan àláàmù èéfín mọ́ àjà kọ̀ọ̀kan nínú ilé alájà. Òfin lè kàn án. Òfin ò lè ní kí ìyá tó ń dín ata má fi fìlà ìwẹ̀ bò ó lójú. Awakọ̀ tó gbé mi wá láti Kumasi lẹ téèpù dúdú mọ́ iná pupa kan níwájú sítíárì. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní iná náà ń dun òun lójú. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ẹ̀rọ ìfúnpá sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún ti ra ẹ̀rọ mẹ́ta báyìí. Ó ń wá èyí tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Àjọ NFPA tó ń rí sí ọ̀ràn iná ní Amẹ́ríkà ti ṣírò rẹ̀ pé nínú ẹni 5 tí iná ilé ń pa níbẹ̀, nǹkan bíi 3 ló ń kú nínú ilé tí kò ní àláàmù tàbí tí àláàmù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Bátìrì tí wọ́n yọ wà lára ohun tó ń sọ ọ́ di aláìṣiṣẹ́. Ajá pọ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kò parí sọ́rùn ajá. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2022, ẹ̀rọ amúlégbóná kan dá iná sílẹ̀ nínú ilé gogoro Twin Parks ní Bronx, New York. Ènìyàn 17 kú, ọmọdé 8 wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹbí tó ti Gambia wá. Ilẹ̀kùn tó yẹ kó máa pa ara rẹ̀ dé kò padé. Èéfín gba ibẹ̀ gun òkè, èéfín ló sì pa wọ́n. Àláàmù dún lọ́jọ́ náà. Àwọn ará ilé tó yè é sọ fún akọ̀ròyìn pé lemọ́lemọ́ ló ń dún láìnídìí tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé ìṣe rẹ̀ náà ló tún ń ṣe. Ta ló fẹ́ dìde níwájú àwọn òbí yẹn kó máa pa òwe ajá?

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde lọ́jọ́ kẹfà. Mo mú àwo òyìnbó, mo kọrí sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà Aboabo, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Tamale. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, títí dé orí bátìrì tí mo yọ. Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, o jọ bàbá mi.” Ó ní rédíò kan wà nílé wọn lọ́dún 1969. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi àlejò halẹ̀ nílùú, etí ti kún. Lọ́jọ́ 18 oṣù Bélú, rédíò ní ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, fún àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kó fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. “Bàbá mi ní kí n pa á, kó má baà jẹ bátìrì. Ọjọ́ kejìlá la tó ń di ẹrù.” Bàbá onírédíò padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ yòókù kò padà.

Ó gba bátìrì onígun mẹ́rin tí mo yọ lọ́wọ́ mi, ó fi ahọ́n kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì. “Ó ti ṣá.” Ó mú tuntun látinú dúrọ́ọ̀, ó fi ahọ́n kan òun náà, ojú rẹ̀ fún pọ̀. “Èyí ṣì ń ta.” Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òru fún mi: òtútù ń dín agbára bátìrì kù, pàápàá èyí tó ti rẹ̀, bí oòrùn bá ta sí ilé, á tún rí okun díẹ̀, àwo á dákẹ́. Kì í ṣe iná ló ń ké pé òun rí. Ebi ló ń pa á. Òwe wa kò sọ nǹkan kan nípa ọdẹ tó ń fọn fèrè láti fi sọ pé èémí fẹ́ẹ́ tán nínú òun.

N kò fẹ́ kó dà bíi pé n kò mọ nǹkan kan, mo bá sọ èyí tí mo kà fún un. Pé ní nǹkan bí ọdún 1930 sí i, ará Switzerland kan, Walter Jaeger, ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa gbọ́ òórùn gáàsì olóró. Gáàsì kò mú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà mì. Ayé sú u, ó tan sìgá. Èéfín sìgá ló mì í. Pé nínú irú àwo báyìí, bíńtín ohun kan tí wọ́n ń pè ní americium wà, tí yóò lo ọdún 432 kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Bàbá wo bátìrì tó ti ṣá lórí tábìlì. “Ọdún 432,” ó ní, “bátìrì rẹ̀ ò sì lè rí ọyẹ́ kan já.”

Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi: ọdún 2012 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ọdún 10 ni ọjọ́ orí wọn, lẹ́yìn ìyẹn kéèyàn ra òmíràn. Ó ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò, ariwo sọ, ẹni tó ń tajà ní òdìkejì títì yíjú wò wá. Ó wá ṣáná sí bébà, ó gbé èéfín sábẹ́ rẹ̀. Wẹ́lo. Ó tún gbé e sún mọ́ ọn. Kò gbọ́. Bàbá fi èékánná họ etí àwo náà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà funfun ń ṣí. Lábẹ́ ọ̀dà, nylon. Àwọn akunlé tó kun ilé lẹ́yìn tí òyìnbó lọ ti fi nylon wé e kí ọ̀dà má baà kán sí i, wọ́n wá gbàgbé, wọ́n kun nylon náà mọ́ àjà. Ìgbà Bugum tí mo ń yìn ín pé ọlọ́gbọ́n ni, ọ̀rá ló wà ní imú rẹ̀.

Bàbá ya nylon náà kúrò, ó tún ṣáná. Èéfín bébà ò tíì débẹ̀ tán tó fi figbe ta.

Mo gbé e padà sí òkè àjà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó máa ṣọ́lé ná títí n ó fi rí tuntun rà. A ò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀: ariwo mẹ́ta, ìdákẹ́, ariwo mẹ́ta, ìdákẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gun àga. Àlàájì jáde síta pẹ̀lú bútà àlùwàlá lọ́wọ́, ó ń pariwo: “Ti òyìnbó yẹn! Ẹ yọ bátìrì rẹ̀!” Ìyá oníwàgáṣì náà sáré dé, síbí ìdínǹkan lọ́wọ́, ó ní kí la tún ń ṣe tí ọmọ òun ò lè sùn. Èéfín dúdú ń rú bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ látinú agbada òróró tó fi sílẹ̀ lórí àdògán.