Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Ìyàwó Ní Kí N Bẹ́ Láti Orí Afárá

Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọkọ Onígboyà kọ̀wé sí Ẹ̀gbọ́n Àgbà láti Ìbàdàn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ ṣe fàájì ní Victoria Falls, ìyàwó sì ti sanwó bọ́njì fáwọn méjèèjì: wọn á so okùn rọ́bà mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, á sì forí sọlẹ̀ láti orí afárá tó wà láàárín Zambia àti Zimbabwe, tó fi mítà 111 ga ju odò Zambezi lọ. Ọkọ yìí ò lè gun àkàbà láti pààrọ̀ gílóòbù. Ó ń wá bó ṣe máa yọ ara rẹ̀ láì di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú àwọn àna.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ béèrè, kò sì fi ṣàwàdà. Ìwọ̀n ẹni ni wọ́n fi ń yan okùn. Èyí tó bá le jù á fa ẹni tó fúyẹ́ padà lójijì débi tí ọrùn á fi dùn ún. Èyí tó bá rọ̀ jù á gbé ẹni tó wúwo sún mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní afárá Kawarau ní New Zealand, níbi tí òwò bọ́njì ti fìdí múlẹ̀ láti 1988, wọ́n máa ń fi yíǹkì kọ kílò oníbàárà sí i lọ́wọ́. Bí Ọkọ Onígboyà bá ti ń parọ́ kílò 80 láti ìgbà tó ti ń fẹ́ aya, kó yáa jẹ́wọ́ nílé.

Èrè wà níbẹ̀ o. Ìbẹ̀rù á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, inú èèyàn á wá máa dùn ṣìnkìn. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tí dánfó ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ fún ní Ọ̀jọ̀ta ń rí irú ìdùnnú yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ewu ńkọ́? Àwọn dókítà ti rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ sun sínú ẹyinjú rẹ̀ lẹ́yìn bọ́njì, wọ́n sì ti rí ẹni tó fi ọrùn tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe. Kí aláboyún, ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2011, okùn já lórí afárá Victoria Falls yìí gan-an. Ọmọbìnrin ará Australia kan já sódò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínú ìdè, ó sì lúwẹ̀ẹ́ dé bèbè láàyè. Láìpẹ́ sígbà náà, mínísítà kan ní Zambia fúnra rẹ̀ lọ bẹ́, kí ayé lè gbà pé kò séwu.

Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti rí ọgbọ́n dá. Kí Ọkọ Onígboyà sọ pé òun ti múra tán, àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kí òun ṣíwájú àgbà: mínísítà ni kó kọ́kọ́ bẹ́. Kí mínísítà tó dé, kó bá ìyàwó di báàgì mú.

Lẹ́tà kejì ti ọ̀dọ̀ ìyàwó pásítọ̀ wá. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ pé àwọn ará Pentecost máa ń so ìtàkùn mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ láti orí ilé gogoro onígi, ó sì fẹ́ gbé e wọ ìsọjí. Ẹ̀gbọ́n ní erékùṣù ni Pentecost yẹn, ní Vanuatu. Torí kí iṣu lè ta dáadáa ni wọ́n ṣe ń bẹ́. Ní 1974, wọ́n bẹ́ láìtó àsìkò nítorí àbẹ̀wò Ọbabìnrin Elizabeth, ìtàkùn já, ọkùnrin kan sì kú. Kí pásítọ̀ gbin iṣu ná. Bí ó bá ta, kó fi méjì ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n.