Ajá Ni Wọ́n Là Níkùn, Èmi Ni Ìyà Ń Jẹ

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Tanímọ̀la, abo ajá mi, ni dókítà ẹran là níkùn, tó yọ ilé-ọmọ rẹ̀. Èmi ni n kò sùn láti ọjọ́ náà.

Dókítà ní ilé-ọmọ abo ajá lè kún fún ọyún lọ́jọ́ alẹ́, kó sì pa á. Mo gbà, mo sanwó. Ohun tí kò là yé mi kó tó gbowó ni pé òun á parí tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èmi á sì máa bá tèmi yí fún ọjọ́ 10 sí 14, títí wọn yóò fi yọ òwú tí wọ́n fi rán ikùn náà.

“Ẹ má jẹ́ kó lá ojú ọgbẹ́.” Ajá tí kò níṣẹ́ mìíràn láyé ju kó máa lá nǹkan! Wọ́n fi ike ràgàjì kan kọ́ ọ lọ́rùn bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, ó sì ń fi í gbá mi lójúgun kiri ilé. Lóru, gbàù lára ilẹ̀kùn, gbàù lára ìkòkò. Tí mo bá bọ́ ike náà kó lè jẹun, kí n tó ṣẹ́jú, ahọ́n ti dé ikùn.

“Ẹ má jẹ́ kó sáré.” Ajá tí olè wọlé tó ń wò ó níran, ìgbà tí wọ́n rán an níkùn tán ló rántí gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò. Wíwẹ̀ náà, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wẹ̀. Ẹ wá gbóòórùn pálọ̀ mi.

Àwọn ará ilé wá ńkọ́? Ìyá Rìsí gbé sípíríìtì dé. Bàbá onílé ní ká jẹ́ kó lá a, itọ́ ajá loògùn. Oníkẹ́míìsì ní ká fún un ní paracetamol ààbọ̀. Dókítà sì ti kìlọ̀: sípíríìtì ń pa ẹran tuntun tó ń hù, ẹnu ajá kún fún kòkòrò, paracetamol àti ibuprofen àwa èèyàn sì lè pa ajá.

Láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń yẹ ikùn ajá wò. Kó pọ́n díẹ̀, kó wú díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò burú. Tó bá ń ṣọyún, tó ń rùn, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó là, ilé dókítà yá. Eṣinṣin ò sì gbọ́dọ̀ bà á, kó má baà di ìdin, ni mo ṣe mú abẹ̀bẹ̀ jókòó tì í. Ìyàwó mi yọ lójú ilẹ̀kùn:

“Bàbá Ràfíù, nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí Ràfíù, ta ló lé eṣinṣin fún mi?”

N ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé wa, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé sípíríìtì yín padà. Ẹni tó bá fẹ́ràn Tanímọ̀la lóòótọ́, kó wá gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí n sùn díẹ̀.